Ṣé Kí Á Tú Ṣọ́ọ̀kì Alùpùpù Àtijọ́ Sórí Tuntun?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń fi alùpùpù kó ẹrù, pàápàá ẹni tó fi owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ra òmíràn.

Ìyá kan nínú wa, tó ń ta ata àti tòmátì ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn, ló mú un wá. Ọmọ rẹ̀ ló ń gun alùpùpù lọ kó ẹrù lóko. Wọ́n lo Bajaj Boxer kan títí ó fi gbó, wọ́n wá ra Boxer mìíràn. Ṣùgbọ́n kí tuntun tó dé, wọ́n ti náwó sórí ti àtijọ́: wọ́n ra ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjì tó le dáadáa, tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù náà. Ọmọ ní kí àwọn tú u sórí tuntun. Màmá ní kó dúró ná, òun fẹ́ ta ti àtijọ́ kí òun fi san nínú gbèsè ẹgbẹ́. Ta ló jàre?

Iṣẹ́ méjì ni ṣọ́ọ̀kì ń ṣe. Sípíríǹgì rẹ̀ ló ń gbé ẹrù. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ló ń dá sípíríǹgì lẹ́kun, kó má baà máa fò bí ọmọdé tó rí ìyá rẹ̀ tó ti ọjà dé. Nítorí náà, ṣọ́ọ̀kì lè dúró gírí lójú kí ọ́ìlì rẹ̀ sì ti tán. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀yìn alùpùpù mọ́lẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ lójijì. Bó bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró, ó dára. Bó bá ń jó, tàbí tí ọ́ìlì ń yọ lára ọ̀pá rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ tú u lọ síbì kankan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti àárín ihò òkè dé àárín ihò ìsàlẹ̀. Boxer kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, ẹ má fi orúkọ ṣe ìwọ̀n. Ká ní ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 320, tí èkejì jẹ́ 340. Ogún mìlímítà dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, àbí? Síbẹ̀ ìdí alùpùpù á ga, orí rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, á máa yá jù láti yà, líle ṣéènì sì lè yí padà. Èyí tó bá kúrú jù, táyà lè máa ha mọ́gáàdì nígbà tí ẹrù bá wà. Ihò bóòtù náà gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ má gbà kí mẹkáníìkì fi páànù dí àlàfo. Alùpùpù mìíràn sì wà tó jẹ́ ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀ láàárín. Ti ìyẹn kò gba àríyànjiyàn.

Èyí tó ń bí wa nínú jù ni àwọn tó ń sọ pé ṣọ́ọ̀kì líle ń fi kún ẹrù tí alùpùpù lè gbé. Irọ́ ni. Férémù kò yí padà, táyà kò yí padà, bíréèkì kò yí padà. Ẹ̀yìn tí kò wolẹ̀ mọ́ ló ń tan ẹni tó ń gùn ún, á tún di agbọ̀n kan lé e. Tí wọ́n bá já ẹrù tán, sípíríǹgì líle kì í fẹ́ tẹ̀ mọ́. Gbogbo kòtò á máa gbá férémù níbi tí bóòtù ṣọ́ọ̀kì wà, táyà á máa fò kúrò nílẹ̀, bíréèkì ẹ̀yìn kò sì ní mú bó ti yẹ. A ti rí férémù tó sán níbẹ̀, tí wẹ́dà ń jó léraléra. Ọjọ́ tó bá já lójú títì, kì í ṣe tòmátì nìkan ló máa fọ́.

Nígbà tí wọ́n wọn ti ìyá wa, gígùn bára mu, bóòtù bára mu, ọ́ìlì sì wà níbẹ̀. Ọmọ ti ń yọ̀. A wá bi í pé: ṣọ́ọ̀kì tó bá alùpùpù àtijọ́ wá ńkọ́? Wọ́n ti tà á fún àwọn tó ń ra irin! Ó ní kò burú, kí àwọn fi ti tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbọ́ o: wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò tẹ̀lé alùpùpù gbígbó lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á wá máa fi èyí tó ti ṣiṣẹ́ gun èyí tí gbèsè wà lórí rẹ̀. Bí nǹkan bá sì ṣe tuntun láàárín ìgbà tí ẹni tó tà á ṣèlérí àtúnṣe, á ní wọ́n ti fọwọ́ kàn án.

Màmá ló jàre lójú tiwa. Kí ṣọ́ọ̀kì líle wà lórí ti àtijọ́, kí ẹni tó fẹ́ rà á rí i, kó sì sanwó rẹ̀. Ohun tó ń dun ọmọ ni pé ẹ̀yìn tuntun ń wolẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì, òrùka irin kan wà nídìí sípíríǹgì tó ní àtẹ̀gùn kéékèèké. Ẹ yí i lọ sí àtẹ̀gùn tó ga sí i nígbà tí ẹrù kò sí lórí rẹ̀, kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Kò gba kọ́bọ̀. Ọmọ yí tirẹ̀ ní àtẹ̀gùn méjì, ó sì fi agbọ̀n kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bó bá jẹ́ pé ti tuntun ló ń jo ọ́ìlì, tí ti àtijọ́ sì bá a mu, a ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹ tú méjèèjì pọ̀, ẹ má tú ẹyọ kan. Ẹ wo ṣéènì nígbà tí èèyàn bá jókòó lé e, ẹ wo ibi tí iná iwájú ń tàn sí lálẹ́, kí ẹ sì tún bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún lẹ́yìn ìrìn àjò àkọ́kọ́.