Ìsọdọ̀kan nínú lọ́jíìkì

Ìsọdọ̀kan nínú lọ́jíìkì àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀nà tí a ń gbà wá ohun tí a lè fi rọ́pò àwọn oníyípadà inú gbólóhùn méjì, kí àwọn méjèèjì lè di ọ̀kan náà. Bí irú ìrọ́pò bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ìsọdọ̀kan kùnà.

Àpẹẹrẹ

Bí a bá fi bàbá(X, Adé) wé bàbá(Òjó, Y), a ó fi Òjó rọ́pò X, a ó sì fi Adé rọ́pò Y. Méjèèjì yóò di bàbá(Òjó, Adé). Ṣùgbọ́n bàbá(X, X) kò lè bá bàbá(Òjó, Adé) dọ́gba, nítorí pé X kan náà kò lè jẹ́ Òjó kí ó tún jẹ́ Adé.

Ìtàn

Jacques Herbrand, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, mẹ́nu ba ọ̀nà yìí nínú iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 1930. Ní 1965, John Alan Robinson là á sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ tí kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ lé. Orí rẹ̀ ni a gbé èdè Prolog kà, èyí tí Alain Colmerauer àti Philippe Roussel ṣe ní ìlú Marseille ní 1972.

Ìlò nínú àkójọ kóòdù

Kò pọn dandan kí ènìyàn lo Prolog kí ó tó jàǹfààní ìsọdọ̀kan. miniKanren, tí Daniel Friedman, William Byrd àti Oleg Kiselyov ṣàlàyé nínú ìwé The Reasoned Schemer (2005), mú un wọ inú èdè Scheme gẹ́gẹ́ bí àkójọ kóòdù kékeré, core.logic ṣe bákan náà fún Clojure. Nínú miniKanren, inú àtòkọ ni a ń kó àwọn ìrọ́pò sí. Bí a bá rí tuntun, a ó fi kún iwájú àtòkọ láìpa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Nítorí náà, bí ọ̀nà kan bá dí, ètò náà lè padà sí oríta kí ó gba ọ̀nà mìíràn.

Àyẹ̀wò oníyípadà

X àti f(X) kò ṣeé sọ di ọ̀kan, nítorí pé ohunkóhun tí a bá fi rọ́pò X, f kan yóò ṣẹ́kù ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó yẹ, nígbà náà, kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oníyípadà wà nínú ohun tí a fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí ń gba àkókò, nítorí náà ọ̀pọ̀ ètò Prolog ń fò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fò ó lè fi ẹ̀rí èké múlẹ̀: láti inú “olúkúlùkù ló ní ìyá”, kọ̀ǹpútà lè sọ pé “ẹnì kan wà tí ó jẹ́ ìyá gbogbo ènìyàn”. Nítorí èyí, òfin àgbáyé fún Prolog (1995) pèsè unify_with_occurs_check fún ẹni tí ó bá fẹ́ ìdánilójú, ẹ̀dà kejì The Reasoned Schemer (2018) sì ń ṣe àyẹ̀wò náà nígbà gbogbo.