Òrí: Bí Èso Igi Inú Ọ̀dàn Ṣe Di Ìpara Awọ Ẹlẹgẹ́

Iṣẹ́ òrí le ju bí ẹni tó ń rà á lọ́jà ṣe rò lọ. Ní Òkè-Ògùn, láti Ṣakí títí dé Kìṣí, àárọ̀ kùtù ni àwọn obìnrin ti ń wọ igbó lọ ṣa èso emi, ìyẹn igi òrí, tó já bọ́ lóru. Ìgbà òjò ni àsìkò rẹ̀. Ẹran ara èso náà dùn, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Kóró inú rẹ̀ ni wọ́n á sè, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á yan án, wọ́n á gún un, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ kúnná.

Ibi tí agbára wà ni pípò. Obìnrin á jókòó ti abọ́ ńlá, á fi ọwọ́ méjèèjì máa pò ó, á máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ó dúdú mìnìjọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń wúwo mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá yá, àwọ̀ rẹ̀ á yí, á di eléérú, á máa funfun bọ̀, ọ̀rá á sì léfòó. Ọwọ́ ni ẹni tó mọṣẹ́ fi ń mọ̀ bóyá omi tútù ló kàn tàbí omi gbígbóná. Wọ́n á bu ọ̀rá yẹn, wọ́n á sè é títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ, wọ́n á sẹ́ ẹ, á wá dì.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Ní Kirikongo, abúlé àtijọ́ kan ní Burkina Faso, àwọn awalẹ̀pìtàn rí èèpo kóró emi tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Kristi. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ Mòrókò tó dé ilẹ̀ Mali ní 1352, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń fi òróró yìí dáná, wọ́n ń fi tan fìtílà, wọ́n ń fi para, kódà wọ́n ń pò ó mọ́ erùpẹ̀ láti fi rẹ́ ilé. Arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, Mungo Park, rí igi emi ní agbègbè Odò Ọya ní 1796, ni àwọn onímọ̀ ewéko bá sọ igi náà ní parkii, àfi bí ẹni pé òun ló gbìn ín.

Awọ ìkókó fẹ́lẹ́ ju ti àgbà lọ. Ti arúgbó náà á máa fẹ́lẹ́ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, nǹkan kékeré á sì ya á. Omi kì í pẹ́ sá kúrò nínú irú awọ bẹ́ẹ̀. Òrí kì í mú un nípọn o. Bíbò ló ń bò ó, kí omi inú rẹ̀ má baà gbẹ tán. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi ń fi í para ọmọ kété tí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ tán, tí ara rẹ̀ ṣì tutù. Òróró ólífì ni ọ̀pọ̀ ti fi rọ́pò rẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ ìwádìí kan tó jáde ní 2013 láti Yunifásítì Sheffield fi hàn pé òróró ólífì máa ń ba ààbò ojú awọ jẹ́. Kí wọ́n máa fi gbàdúrà, kò burú. Kí wọ́n má fi í para ọmọ tuntun.

Àwọn ọlọ́mọ nìkan kọ́ ló ń wá òrí kiri lónìí. Ìpara abóra tó ní sítẹ́rọ́ìdì nínú ti sọ awọ ọ̀pọ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: iṣan ń hàn, egbò kì í tètè jinná, nítorí pé sítẹ́rọ́ìdì ń dín kọ́lájìnì tó di awọ mú kù. Òrí á mú kí ara wọn rọ̀, àmọ́ kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Ọ̀dọ̀ dókítà awọ ló yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbà lọ, kó má kàn pa ìpara náà tì lójijì. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń fún sára láti fi bóra ni mo kórìíra jù: bí oòrùn bá bá a lára, awọ á lé ròrò, ojú ibẹ̀ á sì dúdú.

Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ní kí ẹnikẹ́ni má kó kóró emi tí wọn kò tíì sọ di òrí lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà, kí èrè rẹ̀ lè kù sílé. Ẹ̀rọ ti gba lílọ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tó ń ṣe òrí, ṣùgbọ́n níbi púpọ̀, ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń pò ó. Bí irú òfin yẹn yóò bá wúlò fún ìyá tó wà ní Kìṣí, ẹ̀rọ ìpòrí ló yẹ kó ṣáájú àpérò.