Ilé-iṣẹ́ Tó Fẹ́ Tọ́jọ́: Ìlàlóye fún Àwọn Alákòóso

Ní ọdún 1988, ìròyìn burúkú kan jáde láti Kókó, ìlú èbúté kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, tó ti di Delta lónìí. Àwọn oníṣòwò láti Ítálì ti fi ọkọ̀ òkun kó ìdọ̀tí olóró tó lé ní 3,000 tọ́ọ̀nù wọ ìlú, wọ́n sì to àwọn àgbá rẹ̀ jọ sínú ọgbà ẹnì kan, níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé. Àwọn àgbá kan wú, àwọn mìíràn ń jò. Owó ilẹ̀ tí onílé ń gbà kò ju nǹkan bí 100 dọ́là lọ lóṣù.

Ká ní ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti pa ìdọ̀tí náà run bí òfin ṣe là á kalẹ̀, owó tabua ni wọn ìbá ná. Wọn kò fẹ́ ná an. Ìlera àwọn ará Kókó ni wọ́n fẹ́ fi dí i. Ìjọba Nàìjíríà pe aṣojú rẹ̀ ní Ítálì wálé, ó sì fi dandan lé e pé kí wọ́n wá kó ẹrù wọn. Wọ́n kó o. Kí ọdún náà tó parí, òfin ìjọba ológun nọ́ńbà 42 ti sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni ti ẹni tó bá kó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wọlé, nọ́ńbà 58 sì ti dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tí yóò máa bójú tó àyíká sílẹ̀. Àjọ NESREA, tí òfin ọdún 2007 gbé kalẹ̀, ló jogún iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè kan wà nínú ọ̀rọ̀ Kókó tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń darí ilé-iṣẹ́, ilé-ìwé, ilé-ìwòsàn, ilé búrẹ́dì tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ máa bi ara rẹ̀: èrè tí à ń jẹ yìí, ta ló ń san owó rẹ̀?

Ìbéèrè yìí náà ni gbòǹgbò ohun tí ayé ń pè ní ìdàgbàsókè tó ń tọ́jọ́. Ní 1987, ìgbìmọ̀ kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀, tí Gro Harlem Brundtland, olórí ìjọba Norway nígbà náà, ṣe alága rẹ̀, là á kalẹ̀ pé kí àwọn tó wà láyé gbọ́ bùkátà ara wọn láìdí ọ̀nà mọ́ àwọn tí a kò tíì bí. Bukar Shaib, ọmọ Nàìjíríà, wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ní 2015, orílẹ̀-èdè 193 fọwọ́ sí àfojúsùn 17 tí wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ kí ọdún 2030 tó parí. Amina Mohammed, ọmọ Nàìjíríà bákan náà, wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀.

Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín èrè àti ojú owó. Ẹni tó bá ń jẹ ojú owó, ìsọ̀ rẹ̀ yóò kógbá sílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹja cod ní etíkun Newfoundland, ní Kánádà, gan-an nìyẹn. Ó ju ọ̀rúndún mẹ́rin lọ tí wọ́n ti ń pẹja níbẹ̀ tí ẹja kò tán. Lẹ́yìn ọdún 1950 ni àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ní ẹ̀rọ yìnyín nínú dé. Ní 1968 nìkan, ẹja tí wọ́n kó lé ní 800,000 tọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá ka owó ọdún náà nìkan yóò ní nǹkan ń ṣẹnuure. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje 1992, ẹja ti tán débi pé ìjọba Kánádà ní kí gbogbo ọkọ̀ dúró; nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọdún méjì ni wọ́n rò pé ìfòfindè náà yóò gbà. 2024 ni wọ́n tó kéde pé ó parí, iye tí wọ́n sì yọ̀ǹda fún ọdún náà jẹ́ 18,000 tọ́ọ̀nù péré.

Àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú wà lára ojú owó. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ògiri ilé alájà mẹ́jọ kan tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza, nítòsí Dhaka ní Bangladesh, sán. Ilé ìfowópamọ́ tó wà nísàlẹ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó sílé. Àwọn ilé-iṣẹ́ aránṣọ tó wà lókè pe tiwọn wọlé lọ́jọ́ kejì, nítorí ọjọ́ tí wọ́n dá fún oníbàárà ti ń sún mọ́lé. Ilé náà wó, ó sì pa ènìyàn 1,134. Ògiri kan náà ni gbogbo àwọn alákòóso wọ̀nyí rí.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé ìtọ́jú ènìyàn àti àyíká yóò jẹ èrè òun, kí ó wo Ray Anderson. Òun ló dá ilé-iṣẹ́ Interface sílẹ̀ ní 1973 ní LaGrange, ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Kápẹ́ẹ̀tì alábala ni wọ́n ń ṣe, láti inú epo rọ̀bì sì ni púpọ̀ nínú èròjà rẹ̀ ti ń wá. Ní 1994, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe fún àyíká. Anderson kò ní èsì kan ju pé àwọn ń pa òfin mọ́. Lásìkò yẹn ni ìwé Paul Hawken, The Ecology of Commerce, bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó kà á, ó sì jẹ́wọ́ ní gbangba lẹ́yìn náà pé òun wà lára àwọn tó ń kó ayé ní ìkógun.

Kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ẹnu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tó ń ṣòfò, títí kan àjákù kápẹ́ẹ̀tì àti iná tí kò ṣiṣẹ́ kankan. Ní ilé-iṣẹ́ wọn ní Shanghai, ẹnjiníà kan, Jan Schilham, lo páìpù tó fẹ̀ dáadáa, ó kọ́kọ́ to páìpù náà ní títọ́, ó tó wá to ẹ̀rọ tẹ̀lé e. Ohun tó ń ṣàn nínú páìpù kò ní kọ́nà tí yóò máa bá jà mọ́, nítorí náà pọ́ǹpù kékeré tó o. Agbára tí pọ́ǹpù ń jẹ fi ìdá 92 nínú 100 dín sí ti ètò àkọ́kọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là ni Interface rí láti inú dídín ìfiṣòfò kù. Anderson kú ní 2011, ṣùgbọ́n ní 2019 ilé-iṣẹ́ náà kéde pé ọwọ́ ti tẹ àfojúsùn ìtọ́jú àyíká tí Anderson gbé kalẹ̀ fún 2020.

Nílé wa níbí, ibi jẹnẹrétọ̀ ló dára jù láti ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, kò sí ilé-iṣẹ́ tí owó epo kò dùn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ alákòóso kò lè sọ iye lítà tí ẹ̀rọ wọn ń mu lọ́sẹ̀. Kí wọ́n ra ìwé kékeré, kí wọ́n máa kọ epo, omi, ìdọ̀tí àti ìjàǹbá ibi iṣẹ́ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Àjẹkù ọ́ìlì kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà. Bátìrì tó ti kú kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, torí òjé inú rẹ̀ a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Abẹ́rẹ́ ilé-ìwòsàn kò gbọdọ̀ bá pàǹtí ilé ìdáná wọ inú àpò kan náà. Àwọn olóúnjẹ ní Èkó, tí ìjọba ti fòfin de ike fúkẹ́fúkẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ láti oṣù Kìíní 2024, ṣì ní ewé iran àti ewé gbòdògì tí ìyá wọn fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó fẹ́ yá owó pẹ̀lú. Láti 2012 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé ìlànà mẹ́sàn-án kalẹ̀ fún àwọn báńkì, kí wọ́n lè máa wo ipa iṣẹ́ oníbàárà lórí ènìyàn àti àyíká. Òfin ọdún 1992 sì béèrè pé kí àwọn iṣẹ́ ńláńlá ṣe àyẹ̀wò ipa wọn lórí àyíká kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Kí alákòóso tó bá ka ìwé yìí pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ lọ́sẹ̀ yìí, kí ó má sì yọ àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ àti àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, torí wọ́n mọ ohun tó ń ṣòfò ju ọ̀gá lọ. Kí ó gbọ́ tẹnu wọn tán, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì mú èyí tó léwu jù fún ẹ̀mí ṣe ṣáájú.