Ìsinmi Ọmọ Ọ̀dọ̀ ní Àgbádárìgì

Nínú Ẹ́kísódù orí 20, pípa ọjọ́ ìsinmi mọ́ kò mọ sórí baálé nìkan: ìránṣẹ́ àti àlejò inú ilé gbọ́dọ̀ sinmi pẹ̀lú. Deutarónómì orí 5 sọ ìdí rẹ̀: ẹrú ni àwọn tí Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ ti jẹ́ rí. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ ará Àgbádárìgì lára gan-an, èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọdá òkun. Àjàyí Crowther tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 1845 láti wàásù, wọ́n ti kó òun náà lẹ́rú rí, lọ́dún 1821. Nítorí náà, bí ìyá oníṣòwò bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ jókòó ti ààrò, tó ń yí ẹja pa dà nínú èéfín, tí omi ń dà lójú rẹ̀ títí ìsìn fi parí, ilé yẹn kò tíì pa òfin mọ́.

Àwọn kan á ní ọjà Agbalata kì í wo ojú Sọ́ńdè, ọlọ́jọ́ márùn-ún ni, ẹja tútù kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Òótọ́ ni. Jésù pàápàá fi yé àwọn Farisí pé àǹfààní ènìyàn ni ọjọ́ ìsinmi wà fún. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ọmọ ọ̀dọ̀ náà. Bí ọjà bá bọ́ sí Sọ́ńdè, ẹ fún un ní ọjọ́ mìíràn láti sinmi látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, kí ẹ tó jáde lọ́jọ́ Olúwa, ẹ wo ẹni tó kù nílé.