Òótọ́ Àbí Irọ́? Ohun Tí Wọ́n Ń Sọ Nípa Tírélà Àgọ́ Ọ̀nà Aginjù

Ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Australia, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Gibb River Road. Ó gùn tó nǹkan bí 660 kìlómítà, ó sì la agbègbè Kimberley já. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni wọ́n là á kí wọ́n lè máa kó màlúù gba ibẹ̀ lọ sí èbúté. Lónìí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn arìnrìn-àjò ló kún ojú rẹ̀, tí wọ́n so tírélà kékeré onítáyà méjì mọ́ ìdí jíìpù. Inú tírélà yìí ni ibùsùn, omi, ohun ìdáná àti fíríìjì wà. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n ń pàgọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló fọwọ́ ara wọn ṣe é nínú ọgbà ilé wọn, nítorí náà kò sí ẹni tí kò ní ìmọ̀ràn tó fẹ́ gbani. Ìmọ̀ràn míì dára. Òmíràn lè já èèyàn kalẹ̀ sí àárín aginjù, níbi tí kò ti sí mẹkáníìkì, tí fóònù kò sì wọlé.

“Bí irin bá ṣe nípọn tó ni tírélà yóò ṣe lágbára tó.”

Irọ́ gbáà ni. Èyí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Ẹni tó ń ṣe tírélà rẹ̀ àkọ́kọ́ a máa ra irin tó yẹ ká fi ṣe ọkọ̀ akẹ́rù, á ní òun kò fẹ́ kó ṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Àmọ́ kílò kọ̀ọ̀kan tó bá fi kún ṣásí, súrìngì ló máa rù ú, táyà náà á rù ú, jíìpù á sì máa fi epo wọ́ ọ. Bí ọ̀nà bá ti ń gbọ̀n ọ́n, ìwúwo yẹn kan náà ni yóò máa já lu gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jórin pọ̀.

Irin kì í sì í sábà ṣẹ́ láàárín. Ẹ lọ wo tírélà tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ọ̀pá ìfà, ìyẹn irin méjì tó jáde síwájú lọ pàdé níbi ìso, ti kan irin ìdábùú àkọ́kọ́ lára ṣásí. Ẹ fi àkísà nù ún. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín kan lára ọ̀dà, létí ibi tí wọ́n jó gan-an, tí eruku pupa ti wọ inú rẹ̀, irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán nìyẹn. Iná tí wọ́n fi jó o ti sọ irin etí ibẹ̀ di ẹlẹgẹ́, ibẹ̀ náà ni gbogbo títẹ̀ ọ̀pá ìfà sì ń parí sí. Ajórin tó mọṣẹ́ kì í jó òkè àti abẹ́ ọ̀pá ìfà ní ìdábùú, nítorí òkè àti abẹ́ yẹn ni ìnira pọ̀ sí jù. Ẹ̀gbẹ́ ni yóò jó, yóò sì fi irin pẹlẹbẹ gígùn tó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu gbè é, kí ìnira náà má baà kóra jọ sójú kan. Irin oníhò tí ara rẹ̀ kò nípọn ju mìlímítà 3 lọ ń gbé tírélà kékeré dáadáa bí ẹni tó jó o bá mọ ohun tó ń ṣe.

Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ̀rí, ẹ wo tírélà tí iléeṣẹ́ Bantam àti Willys ṣe fún jíìpù àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Láìsí ẹrù nínú rẹ̀, nǹkan bí 250 kílò péré ni. Nǹkan bí 225 kílò ni ẹrù tí wọ́n ní kó máa gbé nínú igbó, ó sì ń léfòó lójú omi. Lẹ́yìn ogun, àwọn aráàlú rà wọ́n, wọ́n sì ń fi wọ́n rìnrìn àjò. Fífúyẹ́ wọn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n tọ́jọ́.

“Ẹ rì í sínú síǹkì gbígbóná, ó parí, kò ní dípẹtà mọ́.”

Òótọ́ wà níbẹ̀, síǹkì ń dáàbò bo irin gan-an. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé síǹkì yíyọ́ yẹn gbóná tó nǹkan bí dígírì 450, irin ṣásí sì ní ihò nínú. Bí wọ́n bá jó ẹnu irin náà pa láìlu ihò àbájáde sí i, omi tàbí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ lè bú gbàmù, kí síǹkì gbígbóná sì ta sí àwọn òṣìṣẹ́ lára. Nítorí náà, ihò ni kí ẹ kọ́kọ́ lu. Ẹ sì parí gbogbo jíjó yín kó tó wọ inú síǹkì. Ẹni tó bá tún jó nǹkan mọ́ ọn lẹ́yìn náà ti sun síǹkì ibẹ̀ dànù, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ sì lè dá ibà sí i lára kí ilẹ̀ tó mọ́.

“Ìdí tírélà ni kí ẹ kó ẹrù tó wúwo sí, kí ìdí jíìpù má baà rọ̀.”

Irọ́ tó ń pààyàn ni. Iwájú gbọ́dọ̀ wúwo díẹ̀. Ní Australia, ohun tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé ni pé kí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ìwúwo tírélà jókòó sórí ìso. Bí ìdí bá wúwo ju iwájú lọ, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í jù síbí jù sọ́hùn-ún bí eré bá ti pọ̀, títí tí yóò fi gba jíìpù mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n tún máa ń ní kí awakọ̀ tẹná kó lè nà án gbọọrọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ yọ ẹsẹ̀ lórí iná, ẹ di sítíárì mú ṣinṣin, bí búrékì tírélà yín bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ láti inú jíìpù, òun nìkan ni kí ẹ rọra tẹ̀.

Omi ló ń tú àṣírí àwọn tí kò ṣe ìṣirò. Lítà kan, kílò kan. Táǹkì lítà 100 tí wọ́n bá gbé sí ìpẹ̀kun ẹ̀yìn lè sọ tírélà tó jókòó dáadáa di ewu, èyí tí wọ́n bá sì gbé síwájú pátápátá yóò máa yí ìwúwo ibi ìso padà bí ẹ ṣe ń mu ún. Ẹ̀bá táyà, tàbí iwájú rẹ̀ díẹ̀, ni ààyè táǹkì. Òfin náà kò gbàgbé ìwúwo: ní Australia, bí èyí tó dé orí táyà tírélà bá ti kọjá 750 kílò, ó gbọ́dọ̀ ní búrékì. Bó bá kọjá 2,000 kílò, gbogbo táyà rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ní in, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí yóò tẹ búrékì fúnra rẹ̀ bí tírélà bá já.

“Súrìngì ìgbàlódé nìkan ló lè rin aginjù.”

Irọ́. Súrìngì irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, irú èyí tó wà lábẹ́ lọ́rí, ti rìn ín ṣáájú, ó ṣì ń rìn ín. Bó bá ṣẹ́, wẹ́dà inú oko lè fi ọgbọ́n dè é kí ẹ fi délé. Ṣọ́kù ni ká máa sọ. Ojú ọ̀nà Kimberley ṣe wìnnìwìnnì bíi páànù òrùlé, ó sì ń lu ṣọ́kù láìsinmi títí òróró inú rẹ̀ fi máa gbóná tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ dín eré kù, ẹ sì dín afẹ́fẹ́ táyà kù. Ó sinmi lórí ẹrù o, àmọ́ ẹni tó ń lo gééjì 40 lórí títì ọlọ́dà lè sọ ọ́ di bíi 28 lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kó tún sọ ọ́ di bíi 18 nínú yanrìn. Ẹ má gbàgbé láti fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó sáré lórí títì.

“Táyà tírélà gbọ́dọ̀ bá ti jíìpù mu.”

Òótọ́. Àpòjù táyà kan á gba méjèèjì là, bí àlàfo láàárín táyà ọ̀tún àti tòsì lára méjèèjì bá sì dọ́gba, ojú ipa jíìpù ni tírélà á máa tọ̀ nínú yanrìn.

“Bí ilẹ̀kùn bá ti pa dé gírígírí, eruku kò ráàyè wọlé.”

Irọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń yí lẹ́yìn tírélà ló ń fa eruku gba ibi tí abẹ́rẹ́ kò lè gbà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń lu ojú ihò kan tó ní asẹ́ sókè níwájú, kí afẹ́fẹ́ tó mọ́ lè máa ti eruku jáde látinú.

“Ihò kékeré lókè ti tó fún gáàsì.”

Irọ́, ẹ sì má fi ṣeré rárá. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń sọ̀ sí, níbi ibùsùn yín gan-an. Abẹ́ àpótí sílíńdà ni kí ẹ lu ihò sí, kó sì jẹ́ pé ìta ló ṣí sí.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ rọ omi kún táǹkì, ẹ kó gáàsì, oúnjẹ, aṣọ àti irinṣẹ́ sí i, kí ẹ wá fà á lọ sórí òṣùwọ̀n ọkọ̀. Ẹ wọn gbogbo rẹ̀, ẹ wọn ibi ìso lọ́tọ̀. Bí iye tó jáde bá ju èyí tó wà lára àwo ìdánimọ̀ tírélà lọ, ẹrù ni kí ẹ dín kù, ẹ má wulẹ̀ ra súrìngì tó le sí i.