Òwú Ìyá Àgbà Ló San Owó Ilé Ìwé: Bí Ọmọ Àgbẹ̀ Ṣe Dàgbà ní Amuro

Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Abẹ́òkúta, ọmọ Adó-Èkìtì, gbogbo wọn ló gbé síléètì lọ sílé ìwé láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá kan wà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí kò kàn o. Ààlà tí òyìnbó fà ti gbé wọn sọ́dọ̀ ìjọba Àríwá ní Kàdúná. Àwọn ni ará Okun: Owé ní Kabba, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn láàárọ̀ lálẹ́, "Okun o", ni gbogbo ayé fi ń pè wọ́n. Amuro wà lára wọn, nítòsí Mopa, níbi tó ti di Ìpínlẹ̀ Kogí láti ọdún 1991.

Ní Amuro, ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀wé, àfi kó sanwó. Níbo ni àgbẹ̀ ti fẹ́ rí i?

Iṣu pọ̀ lóòótọ́. Ọmọ tó dàgbà níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn mọ ìrì àárọ̀ lójú ọ̀nà oko, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi koríko gbígbẹ dé orí ebè kí oòrùn má baà jó èbù. Bí ọkà bàbà bá ń gbó, òun ni wọ́n máa ń fi ṣọ́ ẹyẹ, tòun ti kànnàkànnà lọ́wọ́, igbe a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohùn lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Bàbá àgbà a ya ebè mélòó kan sọ́tọ̀ fún un: "Tìẹ nìyẹn." Bí koríko bá bo ebè náà, kò sẹ́ni tí yóò bá a ro ó. Ọmọ ọdún méje ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìtìjú oko.

Àmọ́ ẹ̀yin ọlọ́jà náà mọ̀ ọ́n: ìgbà tí iṣu bá dé ọwọ́ gbogbo èèyàn ni kì í pawó. Iṣu bàbá ni wọ́n ń jẹ, òun náà ni wọ́n ń fi ṣe èbù ọdún tó ń bọ̀. Owó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá.

Òfì ni. Kì í ṣe òfì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọkùnrin Ìsẹ́yìn ń hun o. Òfì obìnrin ni, tí wọ́n ń gbé dúró ti ògiri, tí aṣọ rẹ̀ sì fẹ̀ dáadáa. Bàbá gbin òwú sóko, ìyá àti ìyá àgbà sọ ọ́ di aṣọ. Lálẹ́, àwọn ọmọ a jókòó ti òkúta pẹlẹbẹ, wọn a máa fi ọ̀pá irin kékeré yọ kóró òwú, ìyá àgbà a sì máa rànwú. Aṣọ tó bá tà kí táàmù tó wọlé ló ń di owó ilé ìwé. Ilé ìwé ìjọ ni ọ̀pọ̀ wọn, nítorí láti ọdún 1908 ni òyìnbó ajíhìnrere, Tommy Titcombe, ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní Yàgbà.

Ìdí òwú yìí náà ni ìtàn ti ń jáde. Ẹni tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1885 ti di arúgbó lọ́dún 1950, ó sì rántí ogun Tápà. Bídà ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ilẹ̀ Okun nígbà náà, èèyàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Ilé tí kò bá rí ẹrú san lè fi ọmọ inú ilé dí i. Oṣù kìíní ọdún 1897 ni ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Royal Niger gba Kabba kọjá lọ ṣẹ́gun Bídà. Nítorí náà, bí ìyá àgbà bá pariwo mọ́ ọmọ tó pẹ́ lóko, kì í ṣe òkùnkùn nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Ó mọ orúkọ àwọn tó jáde tí wọn kò wálé mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè mọ èyí, ó kàn rò pé màmá le ni.

Ìgbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Àwọn tí òwú rán nílé ìwé ti di tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé, wọ́n ti wà ní Èkó, Ìlọrin àti Kàdúná. Aṣọ ilé iṣẹ́ sì ti kún ọjà, ó pọ́ọ́kú ju aṣọ òfì lọ. Òfì bá ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni kí a dá lẹ́bi? Ìyá tó ń hunṣọ kí ọmọ rẹ̀ lè mọ̀wé kò bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá hunṣọ.

Oko náà kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù ajínigbé ti lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Okun kúrò lóko ọ̀nà jíjìn láwọn ọdún 2020 wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ oko ọ̀nà jíjìn ni iṣu ti ń ta jù.

Aṣọ ṣì wà nínú àpótí ṣá. Bí arúgbó bá kú, wọn a kó o jáde, àwọn ọmọ tó ti Èkó dé a máa fọwọ́ pa á, wọn a béèrè ẹni tó hun ún. Nígbà mìíràn, wọn a rí ìyá kan lẹ́yìn ilé tó lè dárúkọ rẹ̀.