Awọ́nríwọ́n

Nínú gbogbo ìran aláǹgbá tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí èyí tí ó tóbi tó awọ́nríwọ́n. Èyí tí ó bá dàgbà tán lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6, láti imú títí dé ìpẹ̀kun ìrù. Ara rẹ̀ dúdú, àwọn àmì kéékèèké tí ó pọ́n bí ìyeyè sì tò sí i lẹ́yìn. Ilẹ̀ àbàtà tí ó wà ní agbègbè Kétu, Ìkòsì àti Àgbóyì, níbi tí Odò Ògùn ti ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Èkó, jẹ́ irú ibi tí ó máa ń fẹ́ láti gbé, nítorí pé omi àti igi ni ó fi ṣe ilé.

Èékánná rẹ̀ mú, òun ni ó sì fi ń gun igi. Ní òwúrọ̀, a máa na ara rẹ̀ sórí ẹ̀ka láti yá oòrùn, nítorí pé ara rẹ̀ kò lè mú ara rẹ̀ gbóná bí ti ènìyàn. Bí ó bá gbúròó ẹsẹ̀, a já bọ́ sínú omi, a sì pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó yọ orí. Ìrù rẹ̀ ni àjẹ̀ tí ó fi ń wẹ̀. Òun náà ni pàṣán tí ó fi ń na ọ̀tá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pè é ní iguana bí wọ́n bá ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni iguana ti wá, ewé ni ó sì ń jẹ. Akàn, ìgbín, ẹja, ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹyin, títí kan ẹyin ọ̀nì, ni oúnjẹ awọ́nríwọ́n. Ahọ́n rẹ̀ là sí méjì bí ti ejò, ṣùgbọ́n kò fi í ta ẹnikẹ́ni. Òórùn ni ó fi ń kó.

Ọgbọ́n tí abo rẹ̀ ń lò láti yé ẹyin yani lẹ́nu. Inú ọ̀gán ni ó ń gbẹ́ ihò sí, a sì yé ẹyin 20 sí 60 síbẹ̀. Àwọn ikán yóò tún ihò náà dí, wọn yóò sì máa ṣọ́ ẹyin ẹlẹ́yin láìmọ̀. Inú ọ̀gán lọ́ wọ́ọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rinrin wà níbẹ̀, títí àwọn ọmọ yóò fi pa.

Àwọn ènìyàn ń pa awọ́nríwọ́n nítorí ẹran àti awọ rẹ̀, àti nítorí pé a máa jí ẹyin adìẹ. Nítorí èyí, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 1973 kò gbà kí a tà á sí òkè òkun láìsí ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ewu mìíràn tún wà, èyí ni dídí tí a ń fi iyẹ̀pẹ̀ dí àbàtà láti kọ́ ilé. Àbàtà kan náà tí ó ń bọ́ awọ́nríwọ́n ni ó ń gba omi Odò Ògùn dúró nígbà tí odò bá kún. Ní ọdún 2010, omi náà ya wọ ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè Máìlì 12. Ẹni tí ó bá lé awọ́nríwọ́n kúrò nínú àbàtà, kí ó rántí pé omi tí wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀ kò ní ṣàì wá ilé mìíràn.